Eérú Tí Àjọkẹ́ Dà Sójú Ọ̀nà Ìjàlọ

Àjọkẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé yìí. Àwọn mìíràn ti ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ wà níbẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn ti tán nínú mi. Ti Àjọkẹ́ kò tán. Nígbà tí mo wà ní kékeré nílùú Ìlá, inú agbo ilé kan náà ni a ti dàgbà, bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ló yàtọ̀. Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ dé ayé, kò sì yẹ kí àgbàlagbà bíi tèmi máa gbé ọ̀rọ̀ àbúrò kiri títí di ìsinsìnyí tí eyín ń mì lẹ́nu mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ gbọ́ ohun tó ṣe ná, kí ẹ tó ní kí n fi í sílẹ̀.

Ilé amọ̀ ni ilé wa nígbà náà, páànù ló wà lórí rẹ̀. Ẹ má rò pé ènìyàn nìkan ló ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Aáyán wà nínú àpótí aṣọ, ìdun wà lára ẹní àti nínú igi bẹ́ẹ̀dì, ikán ń gun òpó, ẹ̀fọn ń kọrin létí ẹni, kòkòrò sì ń lu ẹ̀wà tí a tọ́jú sínú ìkòkò. Lẹ́yìnkùlé, tata ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ sì ń dá ihò sí ẹ̀fọ́ lára. Kò sí èyí tí ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò mọ bí a ṣe ń lé e. Bí oòrùn bá mú, a ó kó gbogbo ẹní jáde, a ó sá wọn sórí òkúta, a ó sì da omi híhó sáàárín igi bẹ́ẹ̀dì níbi tí ìdun ń sá pamọ́ sí. Ata gbígbẹ ló ń pò mọ́ ẹ̀wà. Eérú ló ń wọ́n sí ìdí ẹ̀fọ́, ó ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, ibẹ̀ sì ni kí a ti lọ bá a. Bí tata bá dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ìrì tó gbẹ ni a ti máa ń wà lóko, nítorí òtútù àárọ̀ kì í jẹ́ kí tata lè fò. À ń ṣa wọ́n sínú agolo bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tí à ń pè ní ọmọ yàrá ìyá àgbà? Nínú gbogbo ọmọ agbo ilé, ọ̀kan ló máa ń sùn tì í. Ọmọ náà ló ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀, òun ló ń tẹ̀lé e lọ sí ọjà, òun ló sì ń nu ìsàlẹ̀ àwo ọbẹ̀ rẹ̀, níbi tí ẹran máa ń wà. Ohun tí ìyá àgbà bá mọ̀, ọmọ yẹn ni yóò mọ̀ ọ́n. Èmi ni ọmọ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu mi ni mo ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń hanrun, mo mọ ẹ̀gbẹ́ tó ń fi sùn, mo mọ òórùn òrí tó ń fi pa ẹsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọmọ ta ni mí, orúkọ ìyá àgbà ni mo máa ń kọ́kọ́ dá.

Àjọkẹ́ ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù. Ìyá rẹ̀ ti kó ẹrù kúrò nílé bàbá mi, ó ti lọ fẹ́ ọkọ mìíràn ní Kánò, kò sì mú un dání. Ojú ibi tí ìdun àti ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ kún ara rẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná mú. Bí mo bá ń wọlé lọ sùn, á dìde jókòó lórí ẹní rẹ̀, á máa wò mí. N kò fẹ́ràn bó ṣe ń wò mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” á ní, “ṣé ẹ̀fọn wà lọ́dọ̀ yín?”

“Ẹ̀fọn wo? Ìyá àgbà ti fi èéfín efinrin lé gbogbo wọn.”

“Ṣé yàrá náà gba ẹni mẹ́ta?”

“Kò gbà á.”

Ibi tí ojú rẹ̀ ti wọ ipò mi nìyẹn. Ọmọdé ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo rí i.

Nínú gbogbo kòkòrò tó ń wọlé wa, ìjàlọ nìkan ni ìyá àgbà kì í lé. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, èèrà tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́ ni, bí ọmọ ogun, ó dúdú, ó ń bu ẹran jẹ, kò sí ohun abẹ̀mí tó lè dúró dè é. Ìgbà òjò ló máa ń jáde. Bó bá ti kọrí sí ilé, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gbé ọmọ ọwọ́ jáde, wọ́n á tú ewúrẹ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé oúnjẹ kúrò, wọ́n á wá ṣí gbogbo yàrá sílẹ̀ fún un. Gbogbo wa á dúró lábẹ́ igi ìyeyè níwájú ilé. Ẹ ó máa gbọ́ bí aáyán ṣe ń já bọ́ láti òkè àjà, bí òjò yìnyín. Ìdun, alákeekèé, ọmọ èkúté, kò sí èyí tí ìjàlọ máa fi sílẹ̀. Bó bá ṣe tán, á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, á bá tirẹ̀ lọ, a ó sì sùn dáadáa fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Ìyá àgbà ní àlejò tó wá báni gbálẹ̀ ni, wọn kì í lé e.

Ohun kan péré ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ìjàlọ kì í gba orí eérú kọjá. Ilé ìdáná, níbi tí adìẹ ti ń sàba, ni à ń fi eérú yí ká. Ẹnìkan kò gbọdọ̀ da eérú sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, nítorí bí àlejò bá fẹ́ jáde tí kò rí ọ̀nà, á pa dà sára onílé. Iṣẹ́ ọmọ yàrá ìyá àgbà ni dída eérú náà. Iṣẹ́ mi ni.

Òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú ní ọdún tí mò ń sọ yìí. Ní àárọ̀, ìyá àgbà ní kí n lọ wọ́n eérú sí ebè ẹ̀fọ́ rẹ̀. Mo ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, ọwọ́ mi funfun títí dé ìgbọ̀nwọ́, nígbà tí ìyàwó àbúrò bàbá mi figbe ta.

“Ìjàlọ ti dé o! Ẹ gbé ọmọ o!”

Bàbá mi jáde pẹ̀lú igi ìpayín lẹ́nu. “Ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún wọn,” ó ní, “ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn án o, wọ́n lọ́wọ̀ lára.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, oníkálùkù ń kó ohun tirẹ̀.

Mo gbé igbá eérú dé ẹnu ilé ìdáná, bí ìyá mi ṣe sáré wá nìyẹn, ó gbé àbúrò mi jòjòló pọ̀n fún mi. “Gbé e lọ sábẹ́ igi kíákíá, kí wọ́n tó gùn ún.” Mo ní mo fẹ́ da eérú. Ó ní kí n lọ, eérú ò lè sá lọ. Àjọkẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Mo sọ fún un pé, “Má fọwọ́ kan igbá yẹn o, mò ń pa dà bọ̀.”

Ẹ̀yìn mi ló dúró dè. Láti abẹ́ igi ìyeyè, láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀, ni mo ti rí i, ó gbé igbá náà lé àyà, ó ń sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ó ṣáà fẹ́ kí ìyá àgbà rí òun pé òun náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ó da gbogbo eérú náà sílẹ̀ níbi tí ìjàlọ yóò gbà jáde. Mo pariwo, ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ mi láàárín ariwo ewúrẹ́ àti ti ọmọ ọwọ́?

Ìjàlọ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá eérú. Wọ́n yí pa dà. Wọ́n gba ara ògiri, wọ́n wọ ilé ìdáná. Adìẹ ìyá àgbà tó ń sàba kò lè fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ sá. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, ìyẹ́ ló kù. Adìẹ ọ̀hún kì í ṣe adìẹ lásán, àbígbẹ̀yìn ìyá àgbà tó ń gbé ní Ọ̀tan Ayégbajú ló fi ránṣẹ́ sí i.

“Ta ló da eérú sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn?” ni ìyá àgbà bi wá.

Àjọkẹ́ ti fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú àmù. Ó na ìka sí mi. “Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Irọ́ ni! Òun ni! Mo rí i!”

“Kí ló wá wà lọ́wọ́ yín yẹn?” ni Àjọkẹ́ wí. Gbogbo ojú bá wo ọwọ́ mi.

Wọ́n ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹni tó pa òwe yẹn kò dé ilé wa. Eérú tí Àjọkẹ́ dà, èmi ló tọ̀. Ìyá àgbà wo ọwọ́ mi, ó wo Àjọkẹ́ láti òkè dé ilẹ̀. Ó wá ní, “Ìwọ lo dàgbà. Lọ ká ẹní rẹ, kí o máa sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ.”

Mo sunkún débi pé mo ń bì. Ìyá mi ní, “Ṣé yàrá tèmi wá di ẹ̀wọ̀n ni?” Inú ń dùn sí i, ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ kí n pa dà sọ́dọ̀ òun. Èmi kò fẹ́ ìyá mi. Ìyá àgbà ni mo fẹ́. Kò sì tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo rí Àjọkẹ́ tó gbé omi ìwẹ̀ wọlé síbẹ̀, tó jáde, tó ń pọ́n ìka lá.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tó jẹ́ tèmi di tirẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́bàá fèrèsé, màá gbọ́ tí ìyá àgbà ń kọ́ ọ ní iye ata tí ẹ̀wà ń fẹ́, ibi tí tata ń yé ẹyin sí lábẹ́ ìbòòji, bí a ṣe ń hú u kó tó pa. Ojú ìdun gbẹ kúrò lára rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán. Wọ́n fi mí sí ilé-ìwé, mo mọ̀wé, mo di olùkọ́, mo kọ́ ọmọ ní Ìgbájọ, mo kọ́ ọmọ ní Ọ̀tan, mo kọ́ wọn ní ìmọ́tótó pẹ̀lú ìwé àti ṣọ́ọ̀kì. Kò ràn mí lọ́wọ́. Bí ikán bá gun òpó ẹnìkan nínú agbo ilé wa títí di òní, ohun tí wọ́n ń wí ni pé, “Ẹ pe àǹtí Àjọkẹ́.” Ọmọ tí mo fi inú mi bí pè mí lórí fóònù láti Ìbàdàn pé aáyán ti kún kíṣìnnì àwọn. Kí n tó lanu, ó ní, “Mọ́mì, ẹ bá mi bi àǹtí Àjọkẹ́ kí la lè ṣe sí i.” Mo pa fóònù.

Ayé ti yí. Lónìí, kí ìjàlọ tó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, wọ́n á ti fọ́n oògùn agolo sí i. Òtapíápíá ni wọ́n ń kiri ní ọjà, wọ́n á fi gbohùngbohùn polówó rẹ̀ títí etí á di. Táìlì wà nílẹ̀, àwọ̀n wà lójú fèrèsé, ìdun tí ẹ bá bá pàdé, inú ilé-ìwé onílé gbígbé ni. Kò burú. N kò sọ pé kí a pa dà sínú ìdun. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó ń sùn ti ìyá àgbà mọ́. Àwọn ọmọ wà ní Èkó, wọ́n ń kí wa lórí fóònù, yàrá wa mọ́ tónítóní, kò sí ohun tó ń mí nínú rẹ̀ ju àwa nìkan lọ.

Ní Sọ́ńdè kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ikán wọ àpótí ìwé mi. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá Àjọkẹ́ nínú pálọ̀ mi. Òun náà ti àsàlátù dé, gèlè funfun ṣì wà lórí rẹ̀, ó ti kó ìwé mi jáde, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi ló pè é. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe é, bí mo ṣe yẹ kí n máa ṣe é. Ohun tí mo ti gbé mì láti ìgbà èwe bá já jáde lẹ́nu mi.

“Àjọkẹ́, ìwọ lo da eérú ọjọ́ yẹn.”

Kò béèrè pé eérú wo. Ó gbé ìgbálẹ̀ kalẹ̀. “Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú.”

Mo ní kò tó. Mo ní ìyá àgbà kú, ó wọ ilẹ̀ lọ, ó ṣì ń rò pé èmi ni mo pa adìẹ òun, pé ìdí nìyẹn tó fi lé mi. Ó wò mí, bó ṣe máa ń wò mí láti orí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìgbà náà.

“Ìyá àgbà mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ náà gan-an ló ti mọ̀, eérú ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́, kí n lọ ká ẹní mi wá. Ó ní ẹ̀yin, ẹ níbi tí ẹ máa sùn.”