Ṣé Ìwọ Ni?

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú ọkọ mi, ẹ wulẹ̀ sọ fún un pé "o ṣé." Kò ní bú yín, kò sì ní gbá yín létí. Á kàn wò yín láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó tẹ ìgbẹ́ adìyẹ mọ́lẹ̀, á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ẹ ó fi rántí pé "ẹ ṣé, sà" ló yẹ kí ẹ wí. Oníbàárà kan dán an wò rí, ọmọkùnrin kan tí àbúrò rẹ̀ tó bí lọ́mọ. Eyín rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọkọ mi, ó ti dán, ó ku kó gbé e sẹ́nu. Ọkọ mi dá eyín padà sínú páálí, ó ní kó lọ gba ẹ̀kọ́ ilé ná kó tó wá gba eyín.

Bàbá Eléyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe. Ẹni tí ọkọ̀ gbá, ẹni tí eyín rẹ̀ kẹ̀, ẹni tí ọjọ́ orí ti kó tẹnu rẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni tiwọn ti ń wá. Yàrá tó yẹ kó jẹ́ ti àlejò ló fi ṣe ibi iṣẹ́: ẹ̀rọ tó ń yí búrọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ìda wà níbẹ̀, àti àpò ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ omi kó tó le bí òkúta. Bí yàrá bá kún, tábìlì tí a ti ń jẹun ló kàn. Ẹ bá mi wò ó: mo gbé oúnjẹ wá, ẹnu àtọwọ́dá mẹ́ta ti jókòó dè mí, wọ́n lanu sílẹ̀, èrìgì pupa bí ẹran tútù. Ó ń rí mi lára. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ló ti ń rí mi lára, mi ò sì yé sọ ọ́, òun náà ò sì yé kó wọn síbẹ̀. Wọ́n ní ahọ́n àti eyín a máa jà. Nílé tiwa, eyín pọ̀ ju ahọ́n lọ.

Àmọ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ dá. Eyín tó bá ṣe kì í já bọ́ sínú ẹ̀rín.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà fún un. Ímeèlì ni wọ́n fi ń sọ ẹni tó ni ẹnu, irú àwọ̀ eyín tó fẹ́, àti ìgbà tí wọn ó wá gbà á. Orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní igun yàrá iṣẹ́ ló ti ń kà á, nínú ètò ímeèlì kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, tó sọ ní Akọ̀wé. Ó fẹ́ràn Akọ̀wé. Ó máa ń ní, "Kì í bá mi sọ ìsọkúsọ. Á kó lẹ́tà wá, á dákẹ́."

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àbígbẹ̀yìn wa obìnrin ra fóònù tuntun fún un. Ó fẹ́ múnú bàbá rẹ̀ dùn, ló bá yí gbogbo ohun tó wà lórí fóònù náà sí Yorùbá. Ó tún so ímeèlì bàbá mọ́ ọn kó lè máa ṣọ́ ọ: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ inú ímeèlì yẹn láti ibòmíì, fóònù á kọ́kọ́ bi bàbá léèrè. Ó ṣàlàyé, bàbá ní òun ti gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni lẹ́tà kan wọlé láti ilé ìwòsàn. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo iṣẹ́ eyín wọn sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí Bàbá Eléyín bá gbà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, tirẹ̀ ni. Bí wọn ò bá gbúròó rẹ̀, wọn á gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹlòmíì, títí kan èyí tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi fò sókè. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lòun ó dá wọn lóhùn.

Ilẹ̀ mọ́. Ó fi ìka kan kọ ọ́, ó kà á sí mi létí pé òun gbà tọwọ́tẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ, a sì jókòó sídìí oúnjẹ. Fóònù dún. Ó gbé e jìnnà sójú, ó kà á sókè.

"Ẹnì kan fẹ́ wọ inú ímeèlì rẹ láti orí kọ̀ǹpútà. Ṣé ìwọ ni?"

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló ń jẹ́ ìwọ?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá wọn," mo wí. "Ẹ̀rọ ò mọ àgbà."

"Ẹni tó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ ńkọ́? Òun náà ò ní bàbá?"

Ibi méjì ló wà nísàlẹ̀ tí èèyàn lè tẹ̀. Ọ̀kan ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni." Èkejì ní, "Rárá, èmi kọ́." Ọkọ mi yínmú, ó tẹ "Rárá, èmi kọ́" bí ẹni ń pa ìdun.

"Èmi kì í ṣe ìwọ ẹnikẹ́ni," ó wí, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n pòṣé. Ìwọ ni ọkùnrin yìí ti ń pe èmi láti ọjọ́ yìí wá. Ìwọ, bu omi wá. Ìwọ, eyín ta lo sún kúrò lórí tábìlì? Mi ò tẹ "Rárá" fún un rí.

Látìgbà náà, ilé ò rójú. Akọ̀wé tó máa ń dákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè páswọ́ọ̀dù. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ sí i, fóònù á dún: ṣé ìwọ ni? Á tẹ "Rárá." Fóònù á ní, "A ti lé ẹni náà. Yí páswọ́ọ̀dù rẹ padà."

"Rẹ!" Ọkọ mi á kígbe. "Páswọ́ọ̀dù *rẹ*! Ẹ gbọ́ ìríra!"

Ó wá gbà pé olè ló ń bá òun jà. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ó ń tẹnu mọ́ ọn. "Ẹni tó mọ̀ mí ni." Ó fura sí eléyín kan tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ó bú u nínú yàrá títí ìyẹ̀fun fi ń gbọ̀n lára rẹ̀. Ó ń pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù. Òwe ló fi ń ṣe é, kí olè má lè mọ̀ ọ́n, òun náà ò sì rántí èyí tó fi sí i kẹ́yìn. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹṣin tiẹ̀ ti jákùn.

Èmi ni mo rí ohun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Akọ̀wé, níbi tí lẹ́tà tí kò tíì lọ máa ń dúró sí. Òǹkà ọ̀kan wà níbẹ̀, ó dúdú kirikiri.

"Bàbá wọn, ó dà bíi pé lẹ́tà yín ò tíì lọ o."

"Ìwọ lo wá mọ̀ ọ́n ju Akọ̀wé lọ? Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ."

Mo kúrò níbẹ̀ fún un. Ìgbéraga rẹ̀ ń rùn sí mi ju oògùn tó fi ń po èrìgì lọ. Ó ti ń ra ìda sílẹ̀ de iṣẹ́ tuntun, ó ń fi òróró sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń súfèé.

Ọ̀sẹ̀ parí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àbígbẹ̀yìn wa yà wò wá. Ó wo fóònù, ó wo Akọ̀wé, ó tún wo fóònù.

"Dádì, ta ló ń tẹ 'Rárá'?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Ó ní ṣé ìwọ ni. Ṣé èmi ni ìwọ?"

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ló bá rí òǹkà tó dúdú yẹn, ẹ̀rín sì tán lójú rẹ̀. "Dádì, kò sí olè kankan. Akọ̀wé yín ló ń kan ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ wọlé kó lè fi lẹ́tà yín ránṣẹ́. Fóònù ń bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ rán an, ẹ ń ní ẹ ò mọ̀ ọ́n rí. Gbogbo ìgbà tó bá ti kàn án, ẹ̀yin lẹ ń ní kí wọ́n lé e."

Ẹni tó gbin ẹ̀fọ́ náà ni kòkòrò.

Ọkọ mi ní kí ọmọ bá òun pe ilé ìwòsàn. Ọmọkùnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ̀yin nìyẹn, sà?"

Ojú ọkọ mi tàn díẹ̀. Ó ní òun ni, ó ní lẹ́tà òun há sọ́nà ni, òun ti gbà tipẹ́.

"Áà, ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ má bínú, sà. A retí yín títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì láàárọ̀ yìí, sà, wọ́n ti buwọ́ lù ú. Ẹ kú iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá, sà. A mọ rírì yín gan-an ni, sà."

Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀wọ̀ tó báyìí gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn rí. Èyí tó ń pè é ní ìwọ ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, èyí tó pè é ní ẹ̀yin ló tì í síta. Ọ̀rọ̀ náà rí mi lára.

Ọmọ wa tún páswọ́ọ̀dù ṣe, ó tẹ̀ ẹ́ sínú Akọ̀wé. Fóònù dún lórí ẹsẹ̀ ọkọ mi. Ṣé ìwọ ni? Ọmọ ò bá a fọwọ́ kàn án. Ọkọ mi tẹjú mọ́ ọn.

"Èmi ni," ó dá a lóhùn jẹ́jẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Akọ̀wé ṣí. Òǹkà dúdú yẹn pòórá, lẹ́tà rẹ̀ lọ. Kò pẹ́, èsì wọlé láti ilé ìwòsàn, irú èyí tí ẹ̀rọ wọn máa ń dá fún gbogbo ayé. Ó kà á sókè títí dé ìparí: "Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. A mọ rírì yín. Ẹ ó gbúròó wa láìpẹ́."

"Ìyá wọn," ó wí, kò wo ojú mi, "ṣé o gbọ́? Èyí gba ẹ̀kọ́ ilé."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn ti wá kó gbogbo ẹnu wọn lọ, mo gbé oúnjẹ wá. Tábìlì mọ́ láti etí dé etí, kò sí ẹnu kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Mo dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, mò ń wò ó, ó sì ń rí mi lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.