Mọ́nítọ̀ Ń Pe Àwọn Ọmọ Kíláàsì Rẹ̀

Alágbàfọ̀ ni ọkọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú ṣe rí, kó má wulẹ̀ tan rédíò, kó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa. Nígbà tí ayé ṣì rọrùn, aṣọ òde ló máa ń kún orí okùn wa, kóòtù, léèsì, aṣọ ìyàwó tí wọ́n ti da ọtí sí. Láti ìgbà tí ìlú ò ti fararọ mọ́, aṣọ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbé wá, òun náà á sì ti dọ̀tí kọjá sísọ kí wọ́n tó gbé e dé. Àwọn mìíràn gbé tiwọn wá, wọn ò padà wá gbà á. A ò mọ̀ bóyá wọ́n ti kó kúrò nílùú ni àbí nǹkan mìíràn ló ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi ní a ò gbọ́dọ̀ tà á, a ò sì gbọ́dọ̀ fi tọrẹ. Mo ní ṣé àwa là ń gbé inú ilé yìí ni àbí aṣọ aláṣọ? Ó di wọ́n ní ìdì ìdì, ó tò wọ́n sí igun.

Bó ṣe rí nìyẹn. Nílé ìwé, òun ni mọ́nítọ̀ kíláàsì wọn, títí dòní tí gbogbo wọn ti hu ewú, Mọ́nítọ̀ náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Bó bá ní kí wọ́n dákẹ́, wọ́n á dákẹ́. Èmi nìkan ni kò rí pa lẹ́nu mọ́, ó sì ti gba kámú.

Ìjọba ti fi òfin kónílé-ó-gbélé de gbogbo wa nígbà náà. Kí oòrùn tó wọ̀, kí kálukú ti tilẹ̀kùn. Sójà dúró sí oríta. Lónìí, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti yanjú, kó tó dọ̀la, a ó tún gbọ́ ìró ìbọn lápá ibòmíì. Àárín irú àsìkò yìí ni ọkọ mi gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì òun jọ.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí o? Àwọn èèyàn ń wá ibi sá sí, ìwọ ń pe ìpàdé."

Ó ní, "Mo fẹ́ rí ojú wọn."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Dókítà ojú ti sọ fún wa pé àrùn kan wà nínú ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, àárín ìríran ló sì máa kọ́kọ́ jẹ. Yóò máa rí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́. Yóò rí ara ilẹ̀kùn, yóò rí ẹsẹ̀ tábìlì, kò sì ní máa kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wo èèyàn lójú, ibi tí ojú onítọ̀hún wà yóò ṣú bí ibi tí epo ta sí lára aṣọ. Dókítà ò lè sọ ìgbà tó máa dé ibẹ̀. Ó ní oògùn lè fà á sẹ́yìn, kò lè dá a dúró. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá ní, "Ojú ńkọ́?" Òun náà á ní, "Kò tíì dé ibẹ̀." Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé oníbàárà wo ló máa gbé aṣọ rẹ̀ fún alágbàfọ̀ tí kò ríran?

Bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé ṣe bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé wọn gan-an ti di ibùdó sójà, ló bá ní àgbàlá wa ni kí wọ́n wá ní Sátidé. Ó sọ ọ́ sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí gúrúpù wọn. Kì í tẹ ọ̀rọ̀, sísọ ló máa ń sọ ọ́, tí èsì bá sì dé, èmi ló máa ní kí n kà á, pé lẹ́tà inú fóònù ti kéré jù. Mo rò pé ìwà ọ̀gá ló gùn ún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì, gbogbo wọn ní "Àmín." Mo ní, "Ṣé o gbàdúrà fún wọn ni?"

Àmín ọ̀hún ò gbé ibi kankan lọ. Bí Sátidé ṣe ń sún mọ́lé ni wọ́n ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ẹnìkan, ìyàwó rẹ̀ ni kò jẹ́ kó wá. Òmíràn ní òun gbọ́ pé wọ́n ń yẹ àpò èèyàn wò lójú ọ̀nà. Ọkọ mi ní kò séwu, bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá ti ń bọ̀, gbogbo wọn á tẹ̀ lé e. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí ni wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀ nígbà yẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, ó ti sanra débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọlé wa. Òun ló ni bọ́ọ̀sì tó fi ń kó ọmọ lọ sílé ìwé, bọ́ọ̀sì náà ló sì yẹ kó gbé àwọn tó kù wá.

Lọ́sàn-án Fúráìdé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pè. Mo wà níbẹ̀, mo ń ká ṣẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú fóònù: "Mọ́nítọ̀, má bínú. Ẹ̀mí ò láàrọ̀. Kí ìlú rójú ná."

Ọkọ mi ní, "Kò burú." Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó mú áyọ́ọ̀nù, ó sì padà sórí ọwọ́ aṣọ tó ń lọ̀. Ó lọ̀ ọ́ tán, ó tún lọ̀ ọ́, ó tún lọ̀ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi gidi gan-an. Kí ìlú rójú ná! Bí ìlú bá rójú lọ́dún tó ń bọ̀, ta ló máa bá ọkọ mi dá ojú tiẹ̀ dúró?

Mo mú fóònù rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo pe Ìyá Kíláàsì. Ọmọ kíláàsì wọn lòun náà, òun ló máa ń pín oúnjẹ rẹ̀ fún gbogbo wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́, tí wọn ò bá gbọ́ ti Mọ́nítọ̀. Mo ti búra pé mi ò ní dárúkọ ojú. Mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún kó tó gbé fóònù.

Ó ní, "Mọ́nítọ̀!"

Mo ní, "Èmi ni mà. Ìyàwó yín ni."

Ó ní, "Ìyàwó wa, kí ló dé? Mọ́nítọ̀ ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ẹ ṣáà máa bọ̀ lọ́la. Kí gbogbo yín wá."

"Fún un ní fóònù, jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀."

"Kò lè... kò lè sọ̀rọ̀ báyìí, mà. Ó wà nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Háà. Mú ọkàn le, ìyàwó wa. Ṣé o gbọ́? Mú ọkàn le. A ó dé."

Mo rò pé ó ti fura sí ọ̀rọ̀ ojú. Mo nu imú mi, mo dá fóònù padà síbi tó wà.

Láti ìgbà náà, gúrúpù wọn pa lọ́lọ́. Àwọn tó máa ń fi àdúrà àti àwòrán òdòdó kí ara wọn ní gbogbo ìgbà, wọn ò sọ kíní kan mọ́. Ọkọ mi ní kí n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé nǹkan ti ṣe wọ́n?" Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Èmi ni mo pè wọ́n sójú ọ̀nà. Bí ìbọn bá lọ ba ọ̀kan nínú wọn ńkọ́, nítorí pé èmi ò lè wo ojú ọkọ mi nígbà tó bá fà ro? Mo ronú pé kí n pè padà kí n ní kí wọ́n má wá mọ́, mi ò sì pè. Mo fẹ́ kí wọ́n wá.

Ní Sátidé, mo ń ṣan aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ tí ọkọ̀ dúró níta. Mi ò gbọ́ ariwo, mi ò gbọ́ ẹ̀rín. Mo gba ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

Wọ́n kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ dúdú ni wọ́n wọ̀, àwọn obìnrin fi gèlè dúdú wé orí, àwọn ọkùnrin káwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló wà níwájú, ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Gbogbo wọn dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń wo ọkọ mi tó dúró nídìí tábìlì, tó ń lọ ṣòkòtò.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ìyàwó ló fi fóònù ọkọ pè, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní kò sí nǹkan kan, ó ní ọkọ kò lè sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n ṣáà máa bọ̀. Báwo ni a tún ṣe ń túfọ̀?

Kí n tó lanu, ọkọ mi gbójú sókè. Kò ju ọwọ́ nínà lọ láàárín òun àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, oòrùn sì tàn yòò wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ó wò ó lójú tààrà. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín tó máa ń rín sí oníbàárà tí kò mọ̀ rí. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wọlé. Ṣé ẹ gbé aṣọ wá ni, àbí ẹ wá gbà á?"

Wọ́n ń wo ojú ara wọn.

Ó tún ní, "Bó bá jẹ́ ti funfun ni, ó máa pẹ́ díẹ̀ o."

Ìyá Kíláàsì figbe ta. "Mọ́nítọ̀! Ṣé o ò kú ni?"

Ọkọ mi yí orí síbi tí ohùn ti wá. "Ìyá Kíláàsì?" Áyọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ nìyẹn? Ta ló kú?"

Ilé dàrú. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún kọjú sí mi wọ́n ń bú mi. Wọ́n ní torí mi ni wọ́n ṣe dá gúrúpù mìíràn sílẹ̀, tí wọ́n ń dáwó ìsìnkú. Wọ́n ní ní oríta kọ̀ọ̀kan, àwọn ń sọ fún sójà pé òkú làwọn ń lọ sin, sójà sì ń bá àwọn kẹ́dùn, ó ń ṣínà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbá ọkọ mi lẹ́yìn. Ó ní, "Èmi ni mo dúró níwájú ẹ! Mò ń ṣọ̀fọ̀ ẹ, o ń béèrè aṣọ lọ́wọ́ mi!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́. Mo fi ń ṣe ẹ́ ni."

Gbogbo wọn gbà á gbọ́. Èmi nìkan ni kò gbà á gbọ́. Ká ní ariwo ni wọ́n fi wọlé bí ẹni tó wá sí ìpàdé, ì bá ti fi ohùn mọ olúkúlùkù wọn láti ẹnu ọ̀nà, èmi ì bá sì má mọ̀ títí di òní.

A ra búrẹ́dì àti mínírà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n jókòó sórí ìdì aṣọ àwọn tí kò padà wá. Ọkọ mi pàtẹ́wọ́. "Ẹ dákẹ́! Mo fẹ́ pe orúkọ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, inú wọn dùn pé Mọ́nítọ̀ ò tíì yí padà. Láìwo ìwé ló ń pè é, bí olùkọ́ wọn ṣe máa ń to wọ́n.

"Pẹ́ńsù!"

"Mo wà!"

"Ológbò!"

"Mo wà, sà!"

Bí ẹnìkan bá ti jẹ́, yóò yí orí sí igun yẹn, yóò mi orí, yóò sì dúró díẹ̀ kó tó pe ẹni tó kàn. Wọ́n rò pé ó ń ṣe olùkọ́ ni. Ó pe ẹnìkan, kò sí ẹni tó jẹ́. Ó tún un pè. Ìyá Kíláàsì ní, "Ìyẹn ti lọ, Mọ́nítọ̀. Ìbọn ni." Ọkọ mi ní, "Ó dáa," ó pe ẹlòmíràn, ohùn rẹ̀ sì ti lọlẹ̀.

Wọ́n lọ kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀, nítorí òfin. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó tì í.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, o ò rí wọn."

Ó ní, "Mi ò rí wọn."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"O sì ń sọ fún mi láràárọ̀ pé kò tíì dé ibẹ̀! Kí lo wá ń pè wọ́n fún?"

Ó ní, "Mo fẹ́ mọ àwọn tó kù." Ó fọwọ́ nu tábìlì, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan lórí rẹ̀. "Sọ bí wọ́n ṣe rí fún mi."

Mo sọ ọ́. Mo ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti pá lórí, eyín iwájú Pẹ́ńsù ti yọ, Ìyá Kíláàsì ti ń fi ọ̀pá rìn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní kí n tún un sọ. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti sọ sí mi lọ́kàn.

Mo ní, "Èmi ńkọ́? Ìgbà wo lo rí ojú tèmi gbẹ̀yìn?"

Ó ronú. Kò pẹ́ kó tó rántí. "Ọjọ́ tí a lọ sílé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì yẹn ní kí n padà sẹ́yìn ìlà, tí o dìde, tí o fa ojú ro, tí o na ìka sí i nímú. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lo dúró sí. Mo rí gbogbo rẹ̀ kedere."

Mo ní, "Ojú ìjà? Nínú gbogbo ojú tí mo ní, ojú ìjà lo mú?"

Ó ní, "Èmi lo ń jà fún."

Omi bọ́ lójú mi, kò dúró. Ó jókòó síbẹ̀, ó kọjú sí mi, ó ń dúró de ohun tí mo fẹ́ sọ, kò sì mọ̀. Mo wá rí i pé láti òní lọ, bí mi ò bá sọ ọ́, kò ní mọ̀.

Mo ní, "Mò ń sunkún o."

Ó na ọwọ́ sí mi.