Gbólóhùn Kan Lẹ́nu Ọ̀nà Ọwọ́-Ò-Dilẹ̀

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Zéphirin fi ṣiṣẹ́ ojú irin ní Dassa. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa rìn láàárín irin méjèèjì, kí ó máa wo ibi tó ti tú, kí ó sì máa dì í le. Nígbà tí wọ́n ní kí ó lọ sinmi, ní ọdún kejì tí Dahomey gba òmìnira, ara rẹ̀ kọ ìsinmi. Odile ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ òun kì í mu ẹ̀kọ àárọ̀ bí kò bá tíì lọ kí ọkọ̀ ojú irin.

Òótọ́ sì ni, ó máa ń lọ. Ibẹ̀ ló ti ń rí àwọn ọmọ náà, àwọn tó ti Lèma, Soclogbo àti Gbaffo wá kàwé nílùú, tí wọn kò yege ìdánwò sẹ́tífíkà, tí ojú sì ń tì wọ́n láti padà sóko. Bí ọkọ̀ ẹrù bá ti ń rọra gun òkè bọ̀, wọn a fò mọ́ ọn, wọn a máa ti àpò ẹ̀pà sínú igbó, àwọn àgbàlagbà kan a sì máa rà á lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún yẹn, ọ̀kan já bọ́, irin gé e lẹ́sẹ̀. Zéphirin wà lára àwọn tó gbé e. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè dákẹ́ mọ́.

Ó lọ bá Ràṣídì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Àwọn méjèèjì lọ bá Àmínátù, opó oníṣòwò kan tó ní àká ẹ̀pà tí kò lò mọ́. Obìnrin náà kò janpata, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Ó ní àwọn ọmọ wọ̀nyí náà ló ń jí ẹ̀pà òun kó, ó kúkú sàn kí wọ́n máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ sí fún àwọn ọmọ náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọwọ́-Ò-Dilẹ̀. Ràṣídì ń kọ́ wọn ní kẹ̀kẹ́ títúnṣe, Zéphirin ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ irin, bó bá sì di ọ̀sán Sátidé, wọn a lọ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ òkè.

Nínú gbogbo wọn, Gilbert ló wọ Zéphirin lọ́kàn jù. Ọmọ Soclogbo ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Zéphirin fúnra rẹ̀ ló mú un lórí ọkọ̀ ẹrù, tòun tàpò lọ́wọ́. Kò fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó ní kí ó gbé àpò padà síbi tó ti gbé e, kí ó sì wá rí òun lọ́jọ́ kejì. Ọmọ náà wá. Kí ọdún tó yípo, Ràṣídì ní òun kò ní ohun tí òun fẹ́ kọ́ ọ mọ́.

Ní ọdún 1965, ìròyìn dé pé ọ̀gá ìjọba agbègbè náà ń bọ̀ wá wo ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn yóò rí irinṣẹ́ tuntun gbà. Zéphirin kò jókòó mọ́. Ó ń kun ògiri lẹ́fun, ó ń tún ilẹ̀ ṣe. Àárín ìgbà náà ni Gilbert dàwátì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò yọjú. Inú bí Zéphirin. Ó sọ fún Odile pé ọmọ náà ti padà sídìí iṣẹ́ àtijọ́. Odile bi í bóyá ó ti rán ẹnikẹ́ni lọ wò ó. Ó ní àyè kò sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, jándáàmù kan, ọlọ́pàá ìjọba, mú Gilbert dé ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́ náà. Kẹ̀kẹ́ olùkọ́ kan ti sọnù níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì pàdé ọmọ yìí lọ́nà Gbaffo, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan léjìká rẹ̀. Ó ní ará Gbaffo kan ló ni ín, òun fẹ́ bá a tún un ṣe ni, ọmọ Ọwọ́-Ò-Dilẹ̀ lòun, Bàbá Zéphirin mọ òun.

"Bàbá, ṣé ọmọ yín nìyí?" ni jándáàmù náà bi í.

Zéphirin wo ògiri tí ẹfun rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Ó ro Ọjọ́bọ̀, ó ro ohun tí ọ̀gá náà lè gbọ́ kó tó dé.

"Ó ti wá síbí rí," ló wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ wa."

 Gilbert sọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi í ti ògiri kó má baà wọ́, ó sì tẹ̀lé jándáàmù lọ.

Ọ̀gá náà wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó yìn wọ́n, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ní Sátidé, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Eustache ti Gbaffo dé, ó wá béèrè ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní ilé òun ni ọmọ náà ti ń sùn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó gbé e lọ, kò sí kẹ̀kẹ́ lábúlé àwọn tí kò fọwọ́ kàn. Ó ní ọmọ náà sọ pé bí òun bá parí, òun yóò lọ ròyìn fún Bàbá òun nílùú pé òun ti lè dá iṣẹ́ ṣe. 

Ọjọ́ náà gan-an ni Zéphirin àti Eustache jọ lọ sọ́dọ̀ jándáàmù, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó Gilbert lọ sí ìlú ńlá pẹ̀lú àwọn afurasí mìíràn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi lọ, tí wọ́n fi bọ̀, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Nígbà yẹn, olùkọ́ ti mọ̀ pé àbúrò òun ló gun kẹ̀kẹ́ náà lọ láìsọ fún òun.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ni Zéphirin ti dúró dè é, tó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí àwọn jọ padà sílé. Gilbert dọ̀bálẹ̀ kí i bó ti yẹ. Ó ní kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà ni ó bá ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ sí Parakou, kò sì padà mọ́. Àwọn tó rí i níbẹ̀ ní àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n ló ń bá rìn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìròyìn dé pé wọ́n tún ti mú un, lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó ṣe lóòótọ́ ni wọ́n mú un fún.

Ẹgbẹ́ náà kò tú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ibẹ̀ di oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn ìyá wọn a sì máa wá dúpẹ́. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, Zéphirin a yí ọ̀rọ̀ padà sórí òjò tàbí iṣu. Lọ́dún 1968, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Soclogbo lọ rí Valentine, ìyá Gilbert, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Mo ti mọ̀," ni obìnrin náà wí. "Ó sọ fún mi kó tó lọ sí Parakou. Ó ní kí n má bá yín jà, ẹ̀yin lẹ kọ́ òun níṣẹ́."

 Ì bá tẹ́ Zéphirin lọ́rùn kí obìnrin náà bú u. Valentine bu omi fún un, ó fa àpótí ìjókòó, ó sì jókòó níwájú rẹ̀. Ó ní òun kò dé Dassa rí ní gbogbo ọdún tí ọmọ náà fi wà níbẹ̀, òun kò rí i nídìí iṣẹ́ rí. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ fún òun bí ó ti máa ń ṣe. Zéphirin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: bó ti máa ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá ń fetí sí ìró ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, bí kì í ti í jẹun títí yóò fi parí. Ohùn rẹ̀ ń já, obìnrin náà ń dúró dè é, ó sì tún ń sọ ọ́ lọ.