Orí Orogún Pòórá ní Ìsàlẹ̀ Òsì

Lónìí, mo kọ́ àgbà obìnrin kan bí wọ́n ṣe ń mú kí orí orogún ẹni pòórá.

Láti ìgbà tí mo ti kó dé agboolé yìí nítorí ilé ìwé, ṣe ni mo ń ti ara mi mọ́ yàrá, ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò sì kọjá "ẹ káàárọ̀ mà." Mo wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fọwọ́ bo ojú kan, mò ń dán ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì wò.

Ìyá Sùbédà, ìyàwó àgbà nínú ilé, ní, "Ọmọ yìí, kí ló ṣe ojú ẹ?"

Mo ṣàlàyé pé lára awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú, ibì kan wà tí kì í ríran, ibi tí iṣan ojú ti gbà lọ sí ọpọlọ; ohun tí àwòrán rẹ̀ bá bọ́ síbẹ̀ á pòórá lójú ẹni. Mo ní kí wọ́n bo ojú òsì, kí wọ́n fi ojú ọ̀tún tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn tó wà lọ́wọ́ òsì tiwọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orogún wọn, Ìyá Ràmọ́tà, tí wọ́n jókòó lódìkejì àgbàlá.

"Yéè! Orí ẹ̀ ti lọ!"

Ìyá Ràmọ́tà fò dìde. "Orí tèmi? Ìyálé mi, ẹ dá a padà o!"

"Jókòó jàre. Àgbàlá yìí ò rẹwà tó báyìí rí."

Ni Ìyá Ràmọ́tà bá fà mí lọ́wọ́. "Kọ́ èmi náà, kíá!"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo agboolé ti fọwọ́ bojú. Wọ́n ní bí mo bá tún ti ara mi mọ́ yàrá lọ́la, àwọn á wá fà mí jáde.

Ẹ̀yin ńkọ́? Orí ta lẹ máa kọ́kọ́ mú kúrò?