Ìwé Ọlidé Tí Ń Yí Padà

Àjọkẹ́, gbé ìwé ọlidé yẹn jìnnà sí imú mi. Bí gọ́ọ̀mù ara ẹ̀ ṣe ń rùn ni tèyí tí bàbá wa mú bọ̀ láti ilé ìtẹ̀wé n'Ìkẹjà ṣe rùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kà á fún mi lẹ́yìnkùlé wa ní Agége. Ọmọ inú ìtàn náà lọ lo ọlidé lábúlé, ó sọnù sínú oko.

Mo ní, "Sìsí, ṣé ó padà délé?"

"Kò délé."

"Àná ẹ ní ó délé."

"Ìwé ló yí i padà. Panu mọ́."

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Sìsí ò mọ̀wé, àwòrán ni wọ́n ń wò sọ ọ́.

Tìẹ yìí, o ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ló ń parí. Pa á dé jàre, fẹnu ara ẹ sọ ọ́.