Ìdánwò Bọ̀dá Dépọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń kọ̀wé sínú ìwé yìí, ẹni tó ń tọ́jú mi nítorí ẹ̀rù ìdánwò ni wọ́n ṣe ìdánwò fún lónìí, lójú mi.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀rù yìí ló lé mi kúrò nílé ìwé. Ní kíliníìkì tí mò ń lọ ní Ring Road, Bọ̀dá Dépọ̀, tí wọ́n ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn níbẹ̀, kì í fún mi lóògùn. Èrò tó ń dẹ́rù bà mí la jọ máa ń yẹ̀ wò, bóyá òótọ́ ni. Wọ́n sì máa ń fún mi níṣẹ́ àmúrelé, pé kí n kọ irú èrò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Lónìí, ọ̀gá wọn, màmá kan tí kì í rẹ́rìn-ín, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń fún Bọ̀dá Dépọ̀ ní máàkì. Ẹ̀rù ba Bọ̀dá débi pé wọ́n gbàgbé láti béèrè iṣẹ́ àmúrelé mi.

Mi ò lè rán àgbàlagbà létí lójú ọ̀gá wọn. Mo bá wúkọ́, mo gbé ìwé mi sórí tábìlì. Mo tún wúkọ́.

Bọ̀dá ní, "Ṣé o fẹ́ mu omi ni?"

"Rárá sà. Ìwé yìí ló há mi lọ́fun."

"Áà! Ó yá, kà á."

Mo kà á: "Tí mo bá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, màá gbàgbé gbogbo nǹkan."

Bọ̀dá Dépọ̀ ní, "Tó o bá wá gbàgbé lóòótọ́ ńkọ́?"

"Bóyá ẹnì kan á wúkọ́, sà."

Ọ̀gá wọn ò gbójú sókè. "Ní gbọ̀ngàn ìdánwò, màgòmágó là ń pe ìyẹn." Wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀.

Wọn ò sọ bóyá Bọ̀dá yege. Ìdánwò ẹlòmíràn ni mo tún ń bẹ̀rù kún tèmi báyìí.

Kẹ́ ẹ tó gbé ìwé yìí fún ẹni tó kàn, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí: ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ò ní wúkọ́?