Olówòkéré, Bàbá Ìwé Yíyan: Níbo Lẹ Sin Ín Sí?

Olówòkéré kú. Orí ẹní ló kú sí, nínú kíláàsì kan, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó àwọn tí ìjà àwa àti àwọn ará òdìkejì odò lé kúrò nílé sí nítòsí Òde Mahin. Àrùn onígbáméjì ló pa á. Oògùn àrùn onígbáméjì sì wà nínú yàrá tó kọjú sí kíláàsì náà, nínú páálí, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ o. Rárá! Ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ wa kì í gbàgbé nǹkan. Oògùn náà ń dúró de àlejò pàtàkì tí yóò wá gé ríbọ́ọ̀nù ara rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni, ríbọ́ọ̀nù. Wọ́n ta ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ páálí oògùn. Níbòmíràn, ilé tuntun ni wọ́n ń gé ríbọ́ọ̀nù sí, tàbí afárá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀làjú ti pọ̀ débi pé oògùn ìgbẹ́ gbuuru náà ní ayẹyẹ tirẹ̀. Ẹ kú orí ire, gbogbo ọmọ Ìlàjẹ! Àwọn aláìsàn nìkan ni kò gbọ́n tó láti dúró de ọjọ́ ayẹyẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Olówòkéré jẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Zion Pepe ni, apẹja tí kò fẹ́ràn ẹja pípa. Àwọ̀n rẹ̀ á wà nínú omi títí ẹja inú rẹ̀ á fi sú ara wọn, nítorí pé ọ̀gá ti ń kàwé nínú ọkọ̀. Á fi àjẹ̀ há abíyá, á di ìwé mú lọ́wọ́ kejì, á máa kà á sókè, ọkọ̀ á sì máa lọ síbi tó bá wù ú. Tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń pariwo lójú odò pé, “Olówòkéré, o tún ti gun àwọ̀n mi!” kí ẹ ti mọ̀ pé ó ti dé ibi tí ìtàn ti dùn. Kóòtù òjò ló máa ń wọ̀ nínú oòrùn gangan, nítorí pé àpò rẹ̀ pọ̀, kò sì sí èyí tí kò fi ìwé sí nínú àwọn àpò náà. Tí o bá kí i pé “Ẹ kú òógùn o,” á dá ọ lóhùn pé kò sí ohun tó ń ṣe òun, ìwé ni kò gbọ́dọ̀ tutù.

Ẹni tó bá ti gbé etí omi rí mọ ohun tí ojú ìwé ń rí lọ́dọ̀ wa. Orí òpó ni ilé wa wà, omi lábẹ́, òjò lókè. Ìwé tí o bá gbé kalẹ̀, kí o tó padà dé, ó ti bu funfun. Kí wá ni Olówòkéré ṣe? Ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ lọ sórí pẹpẹ tí Moríkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, fi ń yan ẹja. Ẹja wà nísàlẹ̀, ìwé wà lókè, iná kan náà ló ń yan méjèèjì. Bí Moríkẹ́ bá yí ẹja rẹ̀, òun náà á yí ìwé tirẹ̀, kí èéfín lè kan ẹ̀yìn àti iwájú. Ìwé náà á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á gbẹ, kòkòrò kankan kò sì ní lè fẹnu kàn án. Ológbò nìkan ni a ń bá fà á. Bí a ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Ìwé Yíyan nìyẹn. Láti Zion Pepe títí dé Mahintedo, àwa tí a mọ̀wé kà lónìí, ìwé tó ń rùn ṣàwá la fi kọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ìwé tuntun nílùú òkè, mo gbé e símú, mo ní ìwé yìí kò mà tíì jinná.

Ẹ má rò pé àwa tí a lọ ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló wà fún. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń yan ẹja ló máa ń kàwé fún jù lọ. Á jókòó sórí àpótí, á ṣí ìwé Òyìnbó, á sì máa sọ ọ́ ní èdè Ìlàjẹ wa bí ẹni pé Zion Pepe ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tí gbogbo wọn ti ń lanu, á pa ìwé dé, á dìde.

Moríkẹ́ á figbe ta: “Olówòkéré! Bí o bá kúrò níbẹ̀ láìsọ ohun tí ọkọ ìyàwó yẹn ṣe, o ò ní fẹnu kan púpurú nílé yìí lónìí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ibi tó kù ṣì wà lórí iná.”

Ẹ̀rín á sọ, èébú á sọ, àmọ́ gbogbo wọn á padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Mi ò ní fi bò.

Àwọn ará òdìkejì odò náà máa ń yá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjà wá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn, tí iná ń jó ilé lọ́dọ̀ tiwa, tó sì ń jó lọ́dọ̀ tiwọn, ọkọ̀ rẹ̀ ló fi kó àwọn arúgbó Zion Pepe sálọ kí ó tó padà wá gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Moríkẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. “Mo ní kí ó kó ìkòkò, ìwé ló ń kó. Mo bú u. Mo ní ṣé ìwé la ó máa sè jẹ níbi tí à ń lọ? Ó ní ìkòkò wà lọ́jà, ta ni yóò bá òun yan ìwé mìíràn.” Bí wọ́n ṣe dé àgọ́ nìyẹn, ẹrù ìwé tí wọ́n fi ẹní wé bí ẹrù ẹja, kò sì sí ìkòkò kan.

Kànga kan ṣoṣo ni gbogbo àgọ́ ń mu, ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbẹ́ ló sì wà. Àrùn kò pẹ́ dé. Nọ́ọ̀sì Nàfísàt, ọmọ ìlú òkè tí wọ́n rán wá tọ́jú àwọn èèyàn, tọ Alága Ọlábọ̀dé lọ. Ọlábọ̀dé ni olórí ìgbìmọ̀ ìrànwọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn wà. Nọ́ọ̀sì náà sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ fún mi, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

“Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Àwọn èèyàn ń gbẹ lọ lójú mi.”

“Nọ́ọ̀sì, ẹ fara balẹ̀. Àlejò wa ti wà lọ́nà. Wọ́n ń dúró de àwọn sójà tí yóò sìn wọ́n wá ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n dé kí wọ́n wá bá páálí tí wọ́n ti tú?”

“Ẹ jẹ́ kí n tú ti ìsàlẹ̀ nìkan, sà. A ó tún un dì.”

“Kámẹ́rà á rí i.”

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn! Ọkùnrin yìí kò bẹ̀rù onígbáméjì, kò bẹ̀rù ikú, kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kámẹ́rà ló ń bà á lẹ́rù.

Àmọ́ kí a má purọ́ mọ́ wọn pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ṣiṣẹ́. Wọ́n rán wolé-wolé wá. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá ni wọ́n ń pè é, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè ni, kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja rí. Kò wo kànga. Imú ló ń fi ṣiṣẹ́, ó ń gbóòórùn káàkiri títí ó fi dé ibi tí Olówòkéré dùbúlẹ̀ sí, tó fi ẹrù ìwé rọrí.

“Kí ló ń rùn báyìí?” Ó tú ẹní. “Hẹ̀n! Àṣé ibí ni àrùn yìí ti ń wá.”

Moríkẹ́ kúnlẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa. Kò bàjẹ́ o, a yan án ni. Òórùn èéfín lẹ ń gbọ́.”

“Màmá, ta ló ń yan ìwé?”

Ìbéèrè ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó kó gbogbo rẹ̀ síta, ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná sí i. Ìwé tí iná ìjà kò rí jó, tí iná ààrò Moríkẹ́ yan láìjóná ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera ló jóná sí, nítorí ìlera wa. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pé àwọn ti pa orísun àrùn run. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Olówòkéré kò lè dìde mọ́ nígbà yẹn. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Èéfín gba ojú fèrèsé wọlé bá a, ó sì rò pé òun ti dé Zion Pepe. Ó rọra rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti yí i? Ẹ bá mi yí ẹ̀yìn rẹ̀ o, kí ó má lọ jóná.”

Moríkẹ́ ní, “Mo ti yí i, àbúrò mi. Ó ń gbẹ dáadáa.”

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ kẹ́yìn nìyẹn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò sì fẹ́ kí ó rọ̀.

Àlejò pàtàkì dé lẹ́yìn tí Olówòkéré ti kú. Kí wọ́n tó dé, Alága ní ọgbà gbọ́dọ̀ mọ́. Moríkẹ́ ti lọ pọn omi tí yóò fi wẹ àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ó dé, ẹní ti ṣófo. Àwọn lébìrà ti kó òkú gbogbo lọ sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti sin wọ́n sínú iyanrìn, wọ́n tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n sì gbá a. Wọn kò ri igi mọ́lẹ̀, wọn kò gbé òkúta lé e, wọn kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan sọ fún mi pé orí ibẹ̀ ni wọ́n to àga àlejò sí. Mi ò tíì rí ẹni tó jiyàn rẹ̀. Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Fọ́tò náà dára. Mo ti rí i.

Nínú ìdílé Olówòkéré, ọkọ̀ ẹni ló ń gbé ẹni padà sílé bí èèyàn bá kú sẹ́yìn odi. Ẹ̀gbọ́n á jókòó síwájú ọkọ̀, á máa pe orúkọ òkú ní gbogbo ibi tí odò bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, kí ó má bàa ṣìnà. Ìjà ti rọlẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn ti padà lọ ń tún ilé kọ́ ní Zion Pepe. Moríkẹ́ kò lọ. Ó wà ní èbúté pẹ̀lú ọkọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó ń gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù ní àràárọ̀, nítorí ó gbà pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ lọ.

Ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ lẹ́rán o! Wọ́n ti kọ́ yàrá ìkàwé kan sínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì fẹ́ fi orúkọ olóògbé pè é. Mo lọ wò ó. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Fáànù wà lókè àjà, kò sí iná mànàmáná tí yóò yí i. Pẹpẹ ìwé yí ògiri ká, kò sí ìwé kan lórí rẹ̀. Mo béèrè ìwé, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ pé òun náà ń dúró de sójà tí yóò sìn ín wá.

Ìwé kan ṣoṣo ló kù nínú gbogbo ìwé Olówòkéré, ẹ ò sì ní gbàgbọ́ ibi tó ti wá. Bàbá àgbàlagbà kan ní òdìkejì odò ló fi rán obìnrin kan tó ń ra ẹja káàkiri. Ó ní kí ó bá òun dá a padà fún Bàbá Ìwé Yíyan, kí wọ́n má bínú pé ó pẹ́, ìjà ni kò jẹ́. Kò mọ̀ pé ó ti kú. Orí iná tirẹ̀ ló gbé ìwé náà sí ní gbogbo àkókò ìjà, kí ó má bàa bu. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí à ń pè ní ọ̀tá tọ́jú ìwé, ó sì dá a padà. Ìgbìmọ̀ tí ó ń sọ pé ọmọ wa ni àwọn, kò lè dá òkú ènìyàn padà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Moríkẹ́ tọ Alága lọ. Ojú mi ló ṣe.

“Alága, níbo lẹ sin ín sí?”

“Màmá, ohun tó ti kọjá ti kọjá. Ẹ jẹ́ ká máa wo iwájú. Ẹ ò rí i pé a ti kọ orúkọ àbúrò yín gàdàgbà sára pátákó?”

“Pátákó kọ́ ni ìyá wa bí.”

Alága wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ìpàdé ń dúró de òun.

Ó dáa. Èmi náà ní ìbéèrè tèmi, mo sì pe orúkọ kí ẹnìkan má bàa sọ pé òun kò mọ ẹni tí mò ń bá wí. Ọlábọ̀dé, ta ló pàṣẹ pé kí oògùn má jáde títí àlejò yóò fi dé? Tó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo ṣì ń ṣe lórí àga yẹn? Tó bá jẹ́ ẹni tó jù ọ́ lọ ni, kí ni orúkọ rẹ̀? Ọláyíwọlá, ta ló rán ọ pé kí o jó ìwé, kí o sì fi kànga sílẹ̀? Àwọn lébìrà tó gbẹ́ ilẹ̀ yẹn ṣì wà láyé. Ẹ kó wọn wá, kí wọ́n tọ́ka sí ibẹ̀ lójú gbogbo wa, kí olúkúlùkù gbé ènìyàn tirẹ̀ lọ sílé. Mi ò bẹ̀ yín. Ẹ̀tọ́ wa ni mò ń béèrè.

Láti àná ni Moríkẹ́ ti kúrò ní èbúté wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé náà. Ó ní àlejò yòówù tó bá fẹ́ wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, kí ó kọ́kọ́ fi ibi tí àbúrò òun wà han òun. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja ti ń fi ọkọ̀ dé láti Zion Pepe, wọ́n ń jókòó tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti gbé àga tèmi lọ síbẹ̀. Ẹ wá, Alága. Ẹ mú kámẹ́rà yín dání.